Ṣẹ́ Díẹ̀ Kù Sínú Àwo

Dagenham,
Ọ̀sán Sátidé.

Àjọkẹ́ mi, Mopélọ́lá ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lálàáfíà, kó má sì bá ọ nínú ebi. Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín bí o bá rí i pé bàbá rẹ jókòó ti tábìlì, ó mú bírò, ó ń kọ lẹ́tà láyé tí fóònù ti wà lápò gbogbo èèyàn. Bísọ́lá àbúrò rẹ ló máa bá mi ya àwòrán rẹ̀, tí á sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, o máa ń ní, "Daddy, I've got a class o." Lẹ́tà kò ní kíláàsì. Wàá kà á dé òpin.

O kú oríire iṣẹ́ tuntun. Láti ibi tí o ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn iléèwé ní Kòríà títí dé yunifásítì, kì í ṣe nǹkan kékeré. Mo ti sọ ọ́ níbi iṣẹ́ ní Dagenham Dock. Gbogbo awakọ̀ lọ́rì ẹlẹgbẹ́ mi ló ti gbọ́, títí kan àwọn tí kò bi mí. Ọ̀gá wa ní, "Your girl's a professor now, is she?" Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Iṣẹ́ tuntun yẹn náà ló mú ìsinmi gígùn dání, ìsinmi ọ̀hún sì bọ́ sí àsìkò ìdúpẹ́ ọgọ́ta ọdún màmá rẹ. O wá ní o kò ní lè wá, pé iṣẹ́ pọ̀. Màmá rẹ ní kò burú. Ó wọ yàrá lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Èmi rò ó lọ, mo rò ó bọ̀: iṣẹ́ wo ló ń pọ̀ nígbà ìsinmi? O mọ̀ mí, bí nǹkan ò bá yé mi, ara mi kì í balẹ̀. Mo bi Bísọ́lá. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Mo kàn ń wò ó. Kò pẹ́ tó fi sọ̀rọ̀.

"Daddy, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín o. She's not coming till she's lost the weight. Ó ní òun ò lè fi ara òun han àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Once a day ló ń jẹun báyìí, ọ̀dùnkún àti black coffee. Ó fẹ́ẹ̀ ṣubú ní iwájú kíláàsì, Daddy. She made me promise."

Jọ̀ọ́, má bá Bísọ́lá jà. Èmi ni mo wò ó títí tó fi sọ ọ́. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rù náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn ń yà mí lẹ́nu ni, mo sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo ti bèèrè káàkiri, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú tèmi kúrò nílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú yẹn tí o pè wá lórí fídíò lẹ́yìn ìsìn, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ibi tí mo wà. Nígbà tí o kúrò ní Dagenham, a lè ka egungun ọrùn rẹ. Lọ́jọ́ náà mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ tó kún, mo pariwo, mo ní, "Ha! Mopé, o ti sanra! Ọlọ́run ṣeun o!" Mo sì gbé fóònù yí gbogbo àwọn aláṣọ funfun ká. Màmá Ìjọ ní, "Ẹ wò ó, ó ti di madam! Kòríà yìí mà gbà á o!" Gbogbo wọn ń ṣe àmín. O rẹ́rìn-ín músẹ́, o ní network ò dáa, fóònù sì kú. Láti ọjọ́ náà, o kò tan kámẹ́rà mọ́. Ohùn rẹ nìkan là ń gbọ́.

Lẹ́nu tèmi, ọpẹ́ ni mo dá. Níbi tí wọ́n ti bí mi, bí wọ́n bá ní o sanra, wọ́n ní ìyà ò jẹ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibí lo dàgbà sí, létí tìrẹ, èébú ni, èébú lójú agbo sì ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Má bínú, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́ tọkàntọkàn.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ó yẹ kí n ti mọ̀. Mi ò rò pé mo ti sọ èyí fún ọ rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, yàrá kan ni mo gbà ní Barking. Mo tínrín nígbà yẹn, ìgbànú tí mo fi di ṣòkòtò mi mú lè yí mi ká lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mọ oúnjẹ sè, mi ò sì mọ ẹnì kankan. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ra ọ̀dùnkún òyìnbó díndín, mo máa ra búrẹ́dì, mo máa jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo máa jẹ ẹ́ títí á fi tán. Ebi kọ́ ló ń pa mí. Ẹnu mi ń wá iṣẹ́ ṣe ni, torí kò sí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Kó tó tó ọdún kan, mo ti sanra, ojú mi ti kéré sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo lọ ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ìyá mi gbé fọ́tò yẹn kiri gbogbo agbo ilé. Ó ní, "Ẹ wo Délé mi, ó ń jayé òyìnbó." Ó ní kí wọ́n bá òun kọ̀wé sí mi pé òun ti rí ara mi, òun sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ìyà ò jẹ mí. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn náà ni mo ti ka ìwé ọ̀hún, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ara tí ìyá mi ń dúpẹ́ lé lórí, ìdáwà ló kún inú rẹ̀. Mi ò jẹ́ kó mọ̀ títí tó fi jáde láyé. Wá wò ó, ohun tí ìyá mi fi fọ́tò mi ṣe ni èmi náà fi fídíò rẹ ṣe.

Nítorí náà mo mọ̀ pé ìsanra kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ìgbádùn ń fà wà, èyí tí ìdáwà ń fà wà. Mo fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ, mi ò sì fẹ́ méfò.

Ohun mìíràn tún wà tí kò yé mi. O ti sọ fún mi rí pé kì í ṣe ìwọ nìkan. O ní ọ̀rẹ́ rẹ tó wá láti Scotland, àti ọkùnrin ará Kánádà tí ẹ jọ ń kọ́ni, gbogbo yín lẹ tóbi sí i, ẹ ò sì rí ṣòkòtò tó gbà yín rà lọ́jà ibẹ̀. O ní, "It's all of us, Daddy, gbogbo àwa àlejò tó wá láti ìlú òyìnbó." Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí a bí sí Barking ló wá di ará ìlú òyìnbó nígbà tó dé Kòríà! Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Onílé ń jẹ oúnjẹ ìlú rẹ̀, kò sanra. Àlejò dé, ó jẹ oúnjẹ kan náà, ó ń wú. Ṣé omi ibẹ̀ ni? Ṣé afẹ́fẹ́ ni? Kí lẹ ń jẹ tí wọn kì í jẹ?

O mọ̀ pé oúnjẹ ni lọ́rì mi ń kó láti Dagenham Dock lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù káàkiri London. Ọ̀kan nínú wọn wà ní New Malden, níbi tí àwọn ará Kòríà pọ̀ sí. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá já ẹrù sílẹ̀ tán, ọ̀nà mi ni mo ń bá lọ. Látìgbà tí o ti wà lọ́hùn-ún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí mo ń kó. Mo ń ka ẹ̀yìn páálí. Mo ra ata pupa tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ wálé, mo fi ìka tọ́ ọ wò: ata tó ń dùn! Ṣúgà wà nínú ata! Màmá rẹ tọ́ ọ wò, ó ní irú ìjẹkújẹ wo rèé, ó gún ata rodo sí i. Mo rí kọfí tó jẹ́ pé wọ́n ti po ṣúgà àti mílíìkì mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́, omi gbígbóná nìkan ló kù. Mo ra búrẹ́dì wọn. Àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń pè ní búrẹ́dì ni. Mo jẹ ẹ́ láti Dagenham East dé Heathway, kí n tó mọ̀, ó ti tán. Nítorí náà, mo ti rí apá kan nínú ìdáhùn, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí àwọn onílé náà ń jẹ ẹ́.

Obìnrin kan ló ni ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Ìyá Suni ni mò ń pè é, torí mo gbọ́ tó ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Suni. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pe òun nílé, pé lọ́dọ̀ àwọn náà, bí obìnrin bá ti bímọ, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pè é. Suni yẹn, bí mo bá na bírò sí i kó fi fọwọ́ sí ìwé ẹrù, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbà á, á sì tẹrí ba. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, àbí Ìjẹ̀bú kan ló ti bá ibẹ̀ lọ láyé àtijọ́?

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ìbéèrè mi kalẹ̀ níwájú Ìyá Suni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, tirẹ̀ ò já gaara, tèmi náà ò já gaara, a sì gbọ́ ara wa yé. Ó ní irú ìbéèrè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró, kí n wọlé wá jẹun. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni tábìlì rẹ̀ wà. Ó gbé ìrẹsì kalẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ gbígbóná kalẹ̀, ó wá to àwo kéékèèké yí wọn ká: ẹyin díndín, ẹja wẹ́wẹ́, àti ẹ̀fọ́ kíkan aláta tí wọ́n ń pè ní kímíṣì.

O mọ òfin ilé wa. Ìyá mi ló fi lélẹ̀, mo sì fi kọ́ ìwọ àti Bísọ́lá: oúnjẹ tí àgbà bá bù fún ọ, jẹ ẹ́ tán, torí bí o bá ṣẹ́ ẹ kù, o ti sọ fún un pé kò dùn. Mo jẹ tèmi tán, mo fi ṣíbí gbá ìdí àwo. Ìyá Suni wo àwo, ó dìde, ó tún bù ú. A kì í kọ̀ fún àgbà. Mo jẹ ẹ́ tán. Ó tún bù ú. Mo tú bẹ́líìtì mi lábẹ́ tábìlì. Òógùn ń bọ̀ lójú mi, mo ń gbàdúrà pé kí ìrẹsì tán nínú ìkòkò. Àṣé òun náà ti wà nínú ìdààmú. Ó ń wo ìkòkò, ó ń wò mí, ó tún ń wo ìkòkò. Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí Suni wọlé. Ó wo àwa méjèèjì, ó bá ìyá rẹ̀ sọ èdè wọn díẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

"Uncle, ṣé ebi ṣì ń pa yín ni?"

"Ebi kẹ̀? Mo ti yó látorí àwo àkọ́kọ́!"

"Kí ló dé tí ẹ wá ń jẹ ẹ́ tán?"

"Torí màmá rẹ ń bù ú fún mi ni!"

"Ó ń bù ú fún yín torí pé ẹ̀ ń jẹ ẹ́ tán!"

Ìyá Suni gbọ́ ìyẹn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní nílé àwọn, bí àwo àlejò bá ṣófo, ojú onílé ló ń tì. Ẹni tó bá yó á ṣẹ́ díẹ̀ kù, onílé á rí i, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ó ní òun ti ń bi ara òun pé irú ebi wo ló ń pa awakọ̀ yìí, àbí ìyàwó rẹ̀ kì í se oúnjẹ ni. Mo ṣe àṣìṣe, mo sọ gbólóhùn yẹn fún màmá rẹ nígbà tí mo délé. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo padà sídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ikùn mi kan sítíárìn. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rántí màmá onílé rẹ, opó tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé rẹ, tí o ní bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà lọ́hùn-ún lò ń pè é, Hálímónì. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. O ti sọ ọ́ fún wa, a ò sì fi etí sí i. O ní Hálímónì máa ń pè ọ́ sọ̀kalẹ̀ wá jẹun lálaalẹ́. O ní, "Daddy, mo máa ń jẹ ẹ́ tán, then she brings more, mo tún máa jẹ ẹ́ tán. Mi ò lè kọ̀ fún màmá àgbà." Mo yìn ọ́ nígbà yẹn. Mo ní ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni ọ́.

Mopé, ṣé o rí i? Òfin ìyá mi ló gbéra ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó gba Barking kọjá, ó bá ọ dé Kòríà, ó sì jókòó tì ọ́ nídìí àwo. Hálímónì ń rò pé ebi ń pa ọ́, ìwọ ń rò pé o ń bọ̀wọ̀ fún un. Kì í ṣe ìwọra, kì í sì í ṣe àìlèkóra-ẹni-níjàánu, bí o ṣe ń sọ fún Bísọ́lá. Ẹ̀kọ́ ilé tí a kọ́ ọ ló ń di ẹran sí ọ lára. Mi ò mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ dájú pé ó wà níbẹ̀.

Ó wá tó àkókò kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn. Èkíní, máa ṣẹ́ oúnjẹ kù. Èmi tí mo fi òfin yẹn lé ọ lọ́wọ́ ni mo gbà á padà lónìí. Ìyá Suni kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é: jẹun díẹ̀díẹ̀, má jẹ́ kí àwo ṣófo, bí o bá yó, fi ọwọ́ kan àyà, tẹrí ba, kí o sọ fún un pé ó dùn. Ó ní ìyá àgbà kankan kò ní bínú sí ìyẹn. Ìwọ náà sì se ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ ata tiwa fún Hálímónì lọ́jọ́ kan, kí òun náà jẹ tìrẹ. Wo àwo rẹ̀ dáadáa fún mi bóyá á ṣẹ́ kù tàbí kò ní ṣẹ́ kù. Mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni.

Èkejì, ọ̀rọ̀ adìẹ díndín. Bísọ́lá ní kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í febi pa ara rẹ, bí Sátidé bá ti dé, o máa ń pe àwọn tó ń tà á kí wọ́n gbé e wá sílé. Mo bi Ìyá Suni. Ó ní adìẹ yẹn, ìdílé ló ń yí i ká nílé àwọn, tí wọ́n ń fi sọ̀rọ̀. Ó ní àlejò ló máa ń gbé odindi rẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, tí á sì dá a jẹ. Àyà mi já nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, torí mo mọ ẹni tó ń dá jẹun lórí bẹ́ẹ̀dì. Bóyá nǹkan tí mo ń wá kiri nìyí, ìdí tí onílé fi ń jẹ ẹ́ tí kì í wú, tí àlejò sì ń wú. Oúnjẹ àjọjẹ ni wọ́n sè, àlejò ò sì ní ẹni tó máa bá a jẹ ẹ́. Bí adìẹ bá ń wù ọ́, pe ọmọ Scotland yẹn, ẹ jọ jẹ ẹ́. Bí o kò bá rí i pè, pe èmi. Màá gbé oúnjẹ tèmi síwájú fóònù, a ó jọ máa jẹ.

Ẹ̀kẹta, ọ̀dùnkún àti kọfí dúdú. Èyí ni mo ń bẹ̀ ọ́ lé lórí jù. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìwọ tí ìṣẹ́ ò ṣẹ́, o wá lọ fi ọwọ́ ara rẹ ṣílẹ̀kùn fún ebi. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Lọ́rì tí mò ń wà, bí mi ò bá fún un ní epo, kò ní torí pé ó fẹ́ fúyẹ́ kó máa lọ. Máa jẹun láàárọ̀ àti lálẹ́, oúnjẹ gidi. Lọ rí dókítà níbẹ̀, kí o sọ fún un pé o fẹ́ẹ̀ ṣubú, má fi ohunkóhun pamọ́ fún un. Bí ó bá ní kí ara rẹ dínkù, á sọ bí o ṣe máa ṣe é láìpa ara rẹ lára. Bí ó bá ní kò sí nǹkan tó ṣe ọ́, dúpẹ́, kí o ra ṣòkòtò tó gbà ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn ló kù, mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. O sọ fún Bísọ́lá pé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò tíì kí ọ káàárọ̀ tó fi ní o ti sanra. Ìyẹn náà ni mo gbé lọ bá Ìyá Suni. Ó ní, "Kí ló wà níbẹ̀? Ṣé èmi kì í sọ fún ìwọ náà pé ikùn rẹ ń tóbi?" Lóòótọ́, ó máa ń sọ ọ́, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àwọn ṣe ń sọ pé mo wò ọ́ dáadáa nìyẹn. Ó jọ tiwa, Àjọkẹ́. O sá kúrò lẹ́nu àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, o lọ bọ́ sáàárín ẹbí wọn. Ṣùgbọ́n mo ti kẹ́kọ̀ọ́ pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti jáde kọ́ la ti ń wọn dídùn rẹ̀, ibi tó balẹ̀ sí ni. O lè fi ọ̀wọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ara rẹ ń dùn ọ́. O lè sọ fún èmi náà, mi ò ní pè é ní àfojúdi.

Mi ò ní kí o sanra, mi ò sì ní kí o rù. Ìwọ lo ń gbé ara rẹ kiri, èmi kọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nípa rẹ kò kan ìwọ̀n. Mo fẹ́ mọ ohun tí o jẹ, ẹni tí ẹ jọ jẹ ẹ́, àti bóyá ẹ rẹ́rìn-ín nídìí rẹ̀.

Mo ti lọ bá Màmá Ìjọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, bí Mopé bá dé, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ara sí i."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. "Kí la wá fẹ́ fi kí i?"

"Ẹ bi í bí Kòríà ṣe rí."

Ó fa àga sún mọ́ mi. "Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń jẹ ẹ̀fọ́ kíkan láàárọ̀ kùtù?"

"Ìyá, irú ìbéèrè tó yẹ nìyẹn."

Báyìí, ó ti ń kó ìbéèrè jọ dè ọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń jí gbàdúrà níbẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ wọn ń dọ̀bálẹ̀. Múra sílẹ̀.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, ọmọ mi. Màmá rẹ kò bèèrè ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún ọgọ́ta ọdún rẹ̀. Lánàá, ó ń to orúkọ àwọn tó máa jókòó sí tábìlì ìdílé, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó dúró, kò sì fi ẹlòmíràn sí àyè yẹn. Bí o bá ti ka ìwé yìí tán, pè wá, kí o tan kámẹ́rà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi àti màmá rẹ nìkan la máa wà níbẹ̀, mi ò ní gbé fóònù yí ẹnikẹ́ni ká.

Ṣé o rántí nígbà tí o kéré? Bí mo bá ń jẹun, o máa ń wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, o máa ń wo ẹran inú àwo mi láìsọ̀rọ̀. Mo sì máa ń ṣẹ́ ẹran kan kù fún ọ. O máa ń rò pé mo ti yó ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mi ò yó, Mopé. Mò ń sọ fún ọ pé mo rí ọ níbi tí o jókòó sí ni.

Bí o bá dé, màmá rẹ á bu oúnjẹ fún ọ bíi pé o kò tíì jẹun látọjọ́ tí o ti lọ. Má jẹ ẹ́ tán. Ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú àwo. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni màá wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ.

Bàbá rẹ,
Délé.